Adìyẹ Tí Kò Gba Mana

WÁLÉ: Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ o!

MOPÉ: Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn. Ẹ káàsán, Bọ̀dá Wálé.

WÁLÉ: Káàsán, Mopé. Ṣé o tiẹ̀ sùn?

MOPÉ: Wákàtí mẹ́ta. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo kúrò ní wọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀sì tún ń ṣe wá lónìí wá lọ́la. Ẹ̀yin ni mo jí fún.

WÁLÉ: Adìyẹ ni. Adìyẹ ló lù mí.

MOPÉ: Ẹ jẹ́ ká kí àwọn èèyàn ná! Ẹ káàbọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Dublin, ní Houston, ní Toronto, àti ìyá wa ní Leeds tó máa ń gbọ́ wa tó bá ń gún iyán. Ẹnì kan kọ̀wé sí wa pé kí ni Splinterlands tí Bọ̀dá Wálé ń pariwo yìí, ṣé òun náà lè bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn la fẹ́ dáhùn lónìí.

WÁLÉ: Màá dáhùn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti adìyẹ.

MOPÉ: Mo mọ̀.

WÁLÉ: Alẹ́ Sunday ni. Àwọn ọmọ ti sùn, ìyàwó mi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, hítà ti kú torí aago mẹ́wàá ni mo ṣètò rẹ̀ sí. Mo wà ní ìpele Silver, díẹ̀ báyìí ló kù kí n wọ ìpele Gold. Kó yé ẹni tó kọ̀wé yẹn: eré káàdì ni. Wọ́n á fún ìwọ àti alátakò rẹ ní iye mana kan náà, bí ìgbà tí ìyá bá fún ọmọ méjì ní owó ọjà tó dọ́gba. Káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tó máa jẹ níbẹ̀. O máa mú balógun kan, o máa wá to abàmì ẹ̀dá sábẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó o bá ti tò ó tán, ó parí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n á máa jà. O ò lè fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.

MOPÉ: Ibẹ̀ gan-an ni kì í ti í yé mi. Eré wo lèèyàn ń ta tó jẹ́ pé òun kọ́ ló ń ta á?

WÁLÉ: Títò yẹn ni títa! Gbogbo irú eré yìí bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Drodo ló gbé Auto Chess jáde nínú eré Dota 2 ní January 2019, kí ọdún yẹn tó parí, ilé iṣẹ́ Riot ti ṣe tirẹ̀, Valve tó ni Dota 2 náà ti ṣe tirẹ̀. Ọpọlọ ló ń jà níbẹ̀, kì í ṣe ìka ọwọ́. Ìwọ náà ń se jọ̀lọ́ọ̀fù. Bó o bá ti dé ìkòkò, tó o dín iná kù, ṣé o tún máa ń ṣí i wò ni?

MOPÉ: Mo máa ń ṣí i.

WÁLÉ: Ìdí nìyẹn tí ìrẹsì ìkómọ yẹn fi rí bẹ́ẹ̀.

MOPÉ: Háà! Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o! Ìrẹsì mi kò ṣe nǹkan kan. Gbọ̀ngàn yẹn ni kẹ́ ẹ bá wí, tí wọ́n tan iná sí wa lójú láago mọ́kànlá géérégé, tí onílù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki bàbá ọmọ.

WÁLÉ: Bàbá ọmọ náà kò tíì náwó tán.

MOPÉ: Ó di owó náà lọ́wọ́ wọlé sínú òtútù! [ẹ̀rín] Ó dáa, ẹ padà sórí adìyẹ.

WÁLÉ: Ìjà kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Òmíràn á ní àwọn tó ń fi oògùn jà kò gbọdọ̀ wọlé. Òmíràn á ní ẹ̀dá tó bá jẹ ju mana mẹ́rin lọ, kó jókòó sílé. Ti Sunday yẹn, Reverse Speed ni: ẹni tó bá lọ́ra jù ló máa kọ́kọ́ lu èèyàn. Mo kà á. Ojú mi kà á, ọkàn mi ni kò kà á. Mo kó àwọn ayára-bí-àṣá mi jáde, àwọn tó ní Sneak, tó jẹ́ pé ẹni ìkẹyìn nínú ìlà ni wọ́n máa ń lù. Mo ní mo máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kí n fọ́ àwọn tafàtafà alátakò mi. Mopé, kí ni mo bá lẹ́yìnkùlé?

MOPÉ: Adìyẹ.

WÁLÉ: Furious Chicken! Mana òdo! Kò ná an ní kọ́bọ̀! Ó so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé kí ìkookò mi rí nǹkan jẹ. Akọni mi tó wọ́n jù lọ yọ idà, ó fi pa adìyẹ. Ẹni tó wà níwájú adìyẹ ńkọ́? Thorns ló ní, gbogbo ara ẹ̀gún. Bó o bá fi ọwọ́ lù ú, á gún ọ padà. Àwọn tirẹ̀ lọ́ra bí ìgbín, nítorí náà àwọn ló ń kọ́kọ́ lù. Àwọn tèmi tó kù ń fò mọ́ ẹ̀gún lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi tán nílẹ̀.

MOPÉ: Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti wò ó?

WÁLÉ: Mọ́kànlá.

MOPÉ: Bọ̀dá Wálé.

WÁLÉ: Ó wà nílẹ̀, o lè pè é padà nígbàkigbà. Ó sì dùn ún wò! Ẹni yẹn ka òfin ìjà, ó mọ ohun tí ẹni bíi tèmi máa ṣe, ó sì fi ohun tí kò ná an ní nǹkan kan dá mi dúró. Ọ̀ta ni. Bí mo bá mọ ilé rẹ̀, màá lọ kí i.

MOPÉ: Àmọ́ ẹ má bínú o. Ẹni tó kọ̀wé yẹn, mo rò pé owó ló ń bèèrè. Kò bèèrè adìyẹ.

WÁLÉ: Owó kọ́ ló gbé mi débẹ̀.

MOPÉ: Ẹ̀n? Ta ló pè mí ní 2021, lóru, tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, pé kí n yáa ra spellbook, ìyẹn owó ìwọlé eré náà, $10 péré ni, pé ẹni tó bá ní káàdì ti ń gba SPS, owó kírípítò eré náà, lọ́fẹ̀ẹ́ láti July, fún ọdún kan gbáko?

WÁLÉ: Èmi ni. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ nígbà yẹn.

MOPÉ: Àbúrò mi ní Òṣogbo náà gbọ́ ọ. Kò tiẹ̀ dúró ti káàdì, eré mìíràn tí n kò ní dárúkọ ló kó owó tirẹ̀ sí. February ọdún yẹn ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí báńkì kankan má ṣe bá oníkírípítò da nǹkan pọ̀ mọ́, nítorí náà ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí ló ti rà á. Owó tí mo fi ránṣẹ́ sílé fún nǹkan mìíràn ni. Mi ò tíì sọ èyí lórí ètò yìí rí.

WÁLÉ: O ò sọ fún èmi náà.

MOPÉ: Kí ni mo fẹ́ sọ? Inú yín ń dùn.

WÁLÉ: Má bínú, àbúrò mi. Mo jẹ́ ọ ní ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ẹ má fi owó ilé ta eré yìí, ẹ má fi owó ìwé ọmọ ta á. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ ni yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Àmọ́ o, 2018 ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, Steem Monsters ló ń jẹ́ nígbà yẹn. Orí Steem, ìyẹn blockchain kan, ìwé àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kírípítò ń lò, ló wà. Nígbà tí Justin Sun, oníṣòwò kírípítò kan, ra Steemit, ilé iṣẹ́ tó wà nídìí Steem, àwọn tí kò fara mọ́ ọn kó ẹrù wọn ní March 2020, wọ́n lọ dá blockchain tiwọn tó ń jẹ́ Hive sílẹ̀, eré yìí náà sì tẹ̀ lé wọn lọ. Àwọn èèyàn ló so ó ró, Mopé. Kì í ṣe—

MOPÉ: Mo gbọ́. Inú mi ti rọ̀. Ẹ má tún wàásù.

WÁLÉ: Káàdì rẹ ńkọ́?

MOPÉ: Ó wà níbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ tà á fún?

WÁLÉ: Ṣí i! Ṣí i báyìí. Màá yá ọ ní adìyẹ.

MOPÉ: Ẹ ní adìyẹ?

WÁLÉ: Monday ni mo rà á. [ẹ̀rín] Tí mo bá yá ọ, o lè fi jà, àmọ́ o ò lè tà á, wọn kò ní gbà fún ọ.

MOPÉ: Ẹ rò pé màá ta adìyẹ yín ni?

WÁLÉ: Rárá o! Mo kàn ń ṣàlàyé fún ẹni tó kọ̀wé.

MOPÉ: Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti wọlé... Ó ti fún mi ní alátakò. Mana mọ́kàndínlógún. Aago ti ń sáré!

WÁLÉ: Ka òfin! Kí ló kọ síbẹ̀?

MOPÉ: Ẹ má pariwo, ẹ máa jí ọmọ. Ó ní... gbogbo àwọn tó ń fọwọ́ jà ló ní Sneak.

WÁLÉ: Yé! Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń bọ̀! Mopé, gbé—

MOPÉ: Ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn.

WÁLÉ: Adìyẹ ńkọ́?

MOPÉ: Ó wà lẹ́yìn pátápátá. Mo fi ẹlẹ́gùn-ún síwájú rẹ̀.

WÁLÉ: Tẹ̀ ẹ́.

MOPÉ: Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí fóònù mi.