Kí Ló Dé Tí Iná Kejì Kò Jó Nínú Sítóòfù Onígi Yín?

Ẹ kú òtútù o. Ẹ bá mi wo inú gíláàsì sítóòfù yìí. Igi ń jó nísàlẹ̀, ìyẹn kò ṣòro rí. Òkè ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ẹ rí ọwọ́ iná tó ń yọ lẹ́nu àwọn ihò kéékèèké tó tò lókè yẹn? Iná kejì nìyẹn. Igi kọ́ ló ń jó níbẹ̀, èéfín igi ni.

Oúnjẹ iná ni èéfín. Bí igi bá ti gbóná, ó máa ń tú gáàsì sílẹ̀, apá tó pọ̀ nínú ooru tí ẹ fowó rà ló sì wà nínú gáàsì yẹn. Kó tó lè gbiná, inú àpótí iná ní láti gbóná tó bíi 600°C, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná sì gba àwọn ihò yẹn pàdé rẹ̀ lókè. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, gáàsì á bá páìpù èéfín lọ láìjó. Gíláàsì á dúdú, ọ̀dà á máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù, ọ̀dà yẹn ló sì máa ń gbiná lọ́jọ́ kan tí ilé fi ń jó.

Igi ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Láti ọdún 2021, òfin ti wà ní England pé àpò igi ìdáná tí wọ́n bá ń tà kò gbọ́dọ̀ ní omi tó ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ẹ wo àmì “Ready to Burn” lára àpò, ìyẹn ni pé igi náà ti gbẹ tó láti fi dáná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé àpò náà síta lójò ńkọ́? Kílò 5 igi tí omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 20, lítà omi kan ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdá 40, lítà méjì ni, iná sì ní láti gbẹ gbogbo rẹ̀ kó tó ráyè gbóná. Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ wọn omi inú igi, ẹ la igi náà sí méjì, kí ẹ wọ̀n ọ́n níbi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Èkejì, ọwọ́ àwa fúnra wa. Àwa tá a dàgbà nídìí ààrò, tá a bá fẹ́ kí iná rọlẹ̀, igi la máa ń fà sẹ́yìn. Nínú sítóòfù, afẹ́fẹ́ là ń dín kù, ibẹ̀ la sì ti ń ṣì í ṣe. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo lò ó, mo pa afẹ́fẹ́ dé kí igi lè bá wa mọ́jú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gíláàsì ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣí sílẹ̀ títí igi á fi dúdú yí ká tí ẹyin iná á sì pọ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ dín in kù díẹ̀, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tún dín in. Bí iná òkè bá pòórá, ẹ ti yára jù, ẹ ṣí i padà. Ẹ má sì dá igi kan ṣoṣo sí i. Igi méjì tàbí mẹ́ta ló ń fi ooru ran ara wọn lọ́wọ́.

Bí igi bá gbẹ tí ọwọ́ yín sì tọ́, ẹ jẹ́ kí sítóòfù tutù pátápátá, kí ẹ wò ó bóyá eérú ti dí àwọn ihò òkè, tàbí bíríkì pẹlẹbẹ tó bo òkè ti sán. Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn sítóòfù, kí ẹ tì í, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, okùn etí ilẹ̀kùn ti gbó. Bí iná bá ń sọjí nígbà tí ẹ bá ṣí fèrèsé, ilé ni kò ní afẹ́fẹ́ tó. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má dáná yìí láìní alarm carbon monoxide nínú yàrá, ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì olóró tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀: gáàsì olóró yẹn kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn.

Bí iná bá ti gbóná dáadáa, ẹ jáde síta, ẹ wo orí páìpù. Tí ẹ kò bá rí èéfín, tó jẹ́ ooru lásán ló ń mì lókè rẹ̀, iná kejì ń jó nìyẹn.