Odò Kì í Ṣàdédé Dọ̀tí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ ni bí ará àdúgbò ṣe lè tún odò wọn ṣe, kí àtúnṣe náà sì dúró. Inú dídúró yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Èèyàn 100 lè kó pàǹtírí odò kan tán láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n ya fọ́tò, kí oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Bí òjò ńlá méjì bá rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà lọ wò ó. Ohun tó ń ba odò jẹ́, orí ilẹ̀ ló ti ń wá: inú gọ́tà, ẹnu páìpù, ààtàn, oko. Ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tí kò wá ibi tó ń jò, yóò gbọ́n ọn títí apá rẹ̀ yóò fi kú.

Ẹ wo odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1957 ni wọ́n kéde pé apá tó gba àárín ìlú kọjá ti kú. Kì í ṣe ike tí àwọn èèyàn ṣà ló jí i. Ìgbà tí wọ́n tún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń sẹ́ omi ìgbẹ́ ṣe ni ọ́síjìn padà sínú omi, tí ẹja sì tẹ̀lé e. Odò Cuyahoga ní Amẹ́ríkà gbiná ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1969, nítorí epo àti pàǹtírí tó bo ojú rẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1972, ẹnu páìpù ló dojú kọ: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ da ìdọ̀tí sódò láti ẹnu páìpù láìgba ìwé àṣẹ. A ò sọ pé kí ẹ má ṣa ike o. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ mọ ibi tí ike ti ń wá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.

Ẹ rin odò ná

Ìgbà tí omi bá fà ni kí ẹ rìn ín, torí ẹnu páìpù tí omi bò nígbà òjò yóò ti hàn síta. Ẹ pín odò sí abala oní 200 mítà, kí ẹ fún abala kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Èèyàn mẹ́ta tó fún abala kan: ọ̀kan ń wò, ọ̀kan ń kọ, ọ̀kan ń ya fọ́tò. Ẹ kọ ibi tí bèbè ti ń ya, ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ibi tí ẹran ọ̀sìn ti ń sọ̀ mumi, ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, àti gbogbo páìpù pátá: bó ṣe fẹ̀ tó, ohun tó ń tú jáde, àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀. Orí ohun tí kò ní kúrò níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ afárá tàbí àpáta, ni kí ẹni tó ń ya fọ́tò dúró sí, kí ẹ lè dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Fọ́tò tí a kò mọ ojú ibi tí a ti yà á kò wúlò fún àfiwé.

Ẹ dúró kí òjò dá fún wákàtí 72 kí ẹ tó jáde. Páìpù tó jẹ́ ti omi òjò, tó bá ṣì ń tú omi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí òjò kò rọ̀, ó ní ohun mìíràn tó so mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ ìsun omi, tí yóò tutù, tí yóò mọ́, tí kò sì ní ní òórùn. Èyí tó wọ́pọ̀ ni balùwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́.

Ọgbọ́n kan wà fún èyí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ wá òwú tí wọn kò fi kẹ́míkà sọ di funfun, kí ẹ fi wáyà oníhò ká a mọ́, kí ẹ so ó sí ẹnu páìpù fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ṣàn án, ẹ sá a síbi tí oòrùn kò dé, kí ẹ wá wò ó nínú yàrá tó ṣókùnkùn pẹ̀lú iná ultraviolet, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ ayédèrú owó wò. Bó bá ń tàn bí iná aláwọ̀ búlúù, omi ìfọṣọ ń gba ibẹ̀ kọjá, torí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ máa ń fi èròjà tó ń mú aṣọ tàn sí i. Ibi méjì ni èyí ti máa ń bàjẹ́. Òwú tí wọ́n ti sọ di funfun tẹ́lẹ̀ yóò tàn fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi iná wò ó kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì fi ọ̀kan sílẹ̀ tí kò kan omi rárá. Èkejì, oòrùn máa ń pa èròjà náà. Ẹni tó bá sá òwú sí gbangba yóò sọ pé páìpù mọ́, nígbà tí kò mọ́.

Ojú nìkan náà lè tan èèyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ ló ti pariwo epo rọ̀bì nítorí ohun tó ń dán lójú omi tó dúró. Ẹ fi igi tọ́ ọ. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ègé gíláàsì, tí kò sì padà pọ̀, bakitéríà tó ń jẹ irin inú ilẹ̀ ló ṣe é, ìpẹtà aláwọ̀ ọsàn sì sábà máa ń wà nítòsí rẹ̀. Epo gidi yóò yípo igi, yóò sì padà lẹ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfóòfó: èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń rùn bí ewé tútù, ewé tó jẹrà ló fà á, èyí tó funfun tó ń ta sánsán, ọṣẹ ni. Omi dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ kò ní ọ́síjìn mọ́.

Wíwọ̀n

Fún páìpù kékeré, garawa oní lítà 10 àti aago tó. Bí garawa bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 5, lítà 2 ló ń tú ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó jẹ́ lítà 172,800 lóòjọ́. Iye yẹn máa ń la ojú àwọn tó ń sọ pé “páìpù kékeré lásán” ni.

Nínú odò fúnra rẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ọ́síjìn tó yòrò sínú omi. Omi tó wà ní 20°C lè gba bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan. Ní 30°C, kò ju bíi 7.5 lọ. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 5 lọ, ìdààmú bá ọ̀pọ̀ ẹja. Bí kò bá tó 2, díẹ̀ ló ń yè é. Ẹ wọn bí omi ṣe gbóná tó pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì wọn pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, tó yẹ kó wà láàárín 6.5 sí 8.5. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni wíwọn ọ́síjìn ní aago méjì ọ̀sán. Ewéko inú omi ń tú ọ́síjìn jáde tí oòrùn bá ràn, ó sì ń fà á mu lóru; nítorí náà odò tó dà bíi pé ara rẹ̀ dá lọ́sàn-án lè máa kú lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àfẹ̀mọ́jú ni ẹ óò ti rí òótọ́. Bí ẹ kò bá lè jí, ó kéré tán kí ó jẹ́ wákàtí kan náà ní gbogbo ìgbà.

Bí ẹ bá fura sí ibì kan, ẹ bu omi lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ yín má baà da omi rú. Ti E. coli, bakitéríà tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ wà nínú omi, ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e sínú yìnyín, kí ó sì dé yàrá àyẹ̀wò láàárín wákàtí 6. Lẹ́yìn èyí, èsì rẹ̀ kò ṣe é gbára lé.

Àwọn ẹ̀dá inú omi tún jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò ṣe é fi owó rà. Ìgò omi kan ń sọ ti ìṣẹ́jú yẹn; kòkòrò tó ti gbé ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan ń sọ ti gbogbo oṣù náà. Ẹ dúró ní ibi tí omi ti ń sáré lórí òkúta, ẹ fi àwọ̀n oníhò mìlímítà 1 sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yín níbi tí omi ń ṣàn lọ, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tú ìsàlẹ̀ odò fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ dà á sínú abọ́ funfun. Ọmọ mayfly, tó sábà máa ń ní ìrù mẹ́ta, ọmọ stonefly oní ìrù méjì, àti ọmọ caddisfly tó ń fi iyanrìn àti igi wẹ́wẹ́ kọ́lé sára, kì í fara da ìdọ̀tí. Bó bá jẹ́ ìdin pupa àti ekòló tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan lẹ rí, omi náà ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ẹ dá wọn padà sódò tí ẹ bá kà wọ́n tán.

Ọjọ́ ìkópàǹtírí

Kí ẹ tó kéde ọjọ́, ẹ mọ ọkọ̀ tí yóò kó o àti ibi tí yóò dà á sí. Òkìtì àpò tó sun bèbè odò mọ́jú, òjò kan péré ló kù kó padà sínú omi. Bí òjò bá rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú, torí omi yóò ti le, ìgbẹ́ inú gọ́tà yóò sì ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá máa wọ omi gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbà tó mọ ìwẹ̀, omi kò sì gbọdọ̀ kọjá orúnkún. Àwọn ọmọdé, orí bèbè. Ẹni tó ní egbò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ rárá, torí àìsàn tí ìtọ̀ eku ń gbé sínú omi máa ń gba ojú egbò wọlé. Níbi tí ìṣáwùrú tó ń fa àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ bá wà, kòkòrò rẹ̀ kò tilẹ̀ nílò egbò.

Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan abẹ́rẹ́. Ẹ̀mú la fi ń mú un, inú ike tó le tó ní ìdérí là ń sọ ọ́ sí. Dúrọ́ọ̀mù tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má yí i, ẹ má ṣí i. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ké sí àwọn aláṣẹ.

Òkè odò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ta àwọ̀n sí ìsàlẹ̀ fún èyí tó bá bọ́. Ẹ dá ihò sí ìdí àpò kí omi lè ro, kí ẹ má kún un ju ìdajì lọ. Ohun tó bá ju kílò 15 lọ, ẹ̀yìn ẹnì kan ló máa san án. Táyà tó ti wọnú bèbè, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá fà á yọ, bèbè yóò bá a wá.

Igi tó wó sínú odò kì í ṣe ìdọ̀tí. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹja ń sá sí, ara rẹ̀ ni kòkòrò ń gbé. Àfi èyí tó bá dí ẹnu afárá. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò bá wa jiyàn níbí, torí ojú wa ti mọ́ odò tó dán bí gọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́.

Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò: a máa ń fi í ṣe ìwúre, ṣùgbọ́n nígbà tí ojú oró bá bo odò bámúbámú, ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ló bọ́ ọ. Bí ẹ bá fà á sókè, ẹ fi í sí etí omi fún wákàtí díẹ̀ kí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú rẹ̀ rìn padà, kí ẹ wá gbé e jìnnà sí ibi tí omi lè kún dé. Bí ó bá jẹrà lórí bèbè, odò ló máa tún un jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú àpò, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ lóríṣiríṣi, ẹ sì wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ìdí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ kàn. Bí ìlédìí ọmọ bá pọ̀ ní abala kan, ó ṣeé ṣe kí àwọn ilé tó wà lókè ibẹ̀ má rí ẹni kólẹ̀ wọn.

Àwọn kan máa ń ta ìdènà tó ń léfòó sójú odò láti gba ike. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má ta á tààrà láti bèbè dé bèbè, torí àárín rẹ̀ yóò tẹ̀, ike yóò sì gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ ta á ní ìdagun, kí omi lè máa ti ìdọ̀tí lọ sí bèbè kan. Orí rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ lè gòkè kó sì sọ̀ bí omi bá ń kún tàbí ń fà. Ẹ kó inú rẹ̀ kí òjò tó dé. Èyí tó bá kún dẹ́múdẹ́mú ni ọ̀gbàrá ń já.

Bèbè, ilé àti ẹnu

Koríko, igbó kékeré àti igi tó fẹ̀ tó mítà 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ń sẹ́ ẹrẹ̀ àti ajílẹ̀ kó tó dénú omi. Mítà 30 sàn jù. Níbi tí bèbè ti ń ya, koríko vetiver wúlò: ẹ gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, sẹ̀ǹtímítà 15 láàárín ìdí kan sí èkejì, ní ìlà tó dábùú òkè. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ tó mítà 3. Ẹ ṣọgbà yí i ká fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹran yóò jẹ ẹ́. Ògiri kọnkéré kì í parí ìṣòro. Ibi tí ògiri parí sí ni omi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ṣáláńgá gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 30 sí ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, kí ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀ sì wà ní mítà 1.5 sókè omi abẹ́ ilẹ̀.

Bí ẹ bá wá mọ ẹni tó ni páìpù, ẹ má kọ́kọ́ lọ sórí rédíò. Ẹ lọ bá a ńlé, ẹ mú ìwé dání: wíwọ̀n mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta, lókè àti nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Nígbà mìíràn onílé kò mọ̀. Ẹni tó bá a ṣe páìpù ló so balùwẹ̀ mọ́ gọ́tà omi òjò torí pé ó sún mọ́ ọn. Ẹ fún un ní ọjọ́ tí ẹ óò padà wá. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ìwé kan náà yẹn lẹ óò gbé tọ àwọn aláṣẹ lọ. Ẹ má wọ inú ọgbà ẹni láti bu omi; ẹnu páìpù tó wà lójú odò ni kí ẹ ti bù ú.

Kí àtúnṣe náà lè dúró, ẹ máa padà lọ wò ó: ẹni méjì, ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, abala kan náà, ìwé kan náà. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà sí ibi méjì, torí bí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú fóònù ẹnì kan, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá kó kúrò ládùúgbò ni ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ láti abala kìíní.