Àlá inú Bíbélì Hébérù: ta ló ń túmọ̀ ẹ̀?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkùnrin méjì wà lẹ́wọ̀n kan náà ní Íjíbítì, òru ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì lálàá, nọ́ńbà 3 sì wà nínú àlá tọ̀tún tòsì. Agbọ́tí Fáráò rí igi àjàrà tó ní ẹ̀ka 3, ó fún èso ẹ̀ sínú ife ọba. Oníbúrẹ́dì Fáráò ru apẹ̀rẹ̀ 3 sórí, àwọn ẹyẹ wá ń ṣa èyí tó wà lókè pátápátá jẹ. Jósẹ́fù, ọmọ Hébérù tó wà lẹ́wọ̀n pẹ̀lú wọn, ní ẹ̀ka 3 yẹn ọjọ́ 3 ni, apẹ̀rẹ̀ 3 náà ọjọ́ 3 ni. Nígbà tọ́jọ́ pé, agbọ́tí padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, oníbúrẹ́dì, orí igi ni wọ́n so ó rọ̀ sí. Jẹ́nẹ́sísì orí 40 ni, ẹ lè lọ kà á.

Ìdí tí mo fi mú ìyẹn ṣíwájú ni àwọn tó ń pín lísìtì kiri lórí fóònù, pé tóo bá rí ejò lójú àlá, báyìí ló jẹ́, tóo bá rí omi, báyìí ló jẹ́. Ẹ tú Bíbélì Hébérù, ìyẹn Májẹ̀mú Láéláé, látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí irú lísìtì yẹn níbẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì ló ní in o. Ìwé àlá wọn kan ṣì wà ní British Museum ní London, ó ti lé ní 3,000 ọdún, orí pépà tí wọ́n fi koríko etí odò ṣe ni wọ́n kọ ọ́ sí: téèyàn bá rí ara ẹ̀ lójú àlá tó ń ṣe tibí, ó dáa, tó bá ń ṣe tọ̀hún, kò dáa, yíǹkì pupa ni wọ́n sì fi kọ "kò dáa" yẹn. Àwọn ará Asíríà náà ní tiwọn, ara amọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ẹ wá wo Jẹ́nẹ́sísì orí 41 pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn. Fáráò rí màlúù 7 tó sanra, màlúù 7 tó rù kan egungun wá gbé wọn mì, ó tún sùn ó tún rí ṣírí ọkà 7 àti 7, ó pe gbogbo onídán àti amòye Íjíbítì, ìyẹn ìlú tó ń kọ ìwé àlá, kò sẹ́ni tó rí i tú. Jósẹ́fù ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n lọ mú wá, ó fá irun, ó pààrọ̀ aṣọ, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ ni pé kì í ṣe òun, Ọlọ́run ni. Ó ní ọdún 7 ọ̀pọ̀, ọdún 7 ìyàn, pé bí àlá náà ṣe wá lẹ́ẹ̀mejì fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti parí lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Kò dákẹ́ síbẹ̀ o. Ó gbé ètò kalẹ̀: kí wọ́n máa kó ìdá kan nínú márùn-ún irè oko pa mọ́. Lójú tèmi, ètò yẹn gan-an ló gbé e dé ipò, torí ìtumọ̀ nìkan ò lè bọ́ ìlú, àmọ́ ibẹ̀ la máa ń fò tá a bá ń sọ ìtàn yìí. Ọmọ 30 ọdún ni nígbà yẹn.

Àlá Jósẹ́fù fúnra ẹ̀ ńkọ́, tó lá lọ́mọ ọdún 17? Kò sẹ́ni tó bá a túmọ̀ ẹ̀. Bó ṣe ní ìtí ọkà àwọn ẹ̀gbọ́n òun ń forí balẹ̀ fún tòun ni wọ́n ti bú mọ́ ọn pé ṣé ìwọ lo fẹ́ jọba lé wa lórí? Bí ọ̀pọ̀ jù lọ àlá inú Bíbélì ṣe rí nìyẹn, wọn ò nílò atúmọ̀. Jákọ́bù rí àkàsọ̀ ní Bẹ́tẹ́lì, Ọlọ́run bá a sọ̀rọ̀ ketekete. Sólómọ́nì ní Gíbéónì, ojú oorun ló ti tọrọ ọgbọ́n. Kódà Lábánì àti Ábímélékì, wọ́n kìlọ̀ fún wọn lójú àlá, wọ́n sì gbọ́. Àwọn ọba tó kó amòye jọ sáàfin làlá wọn máa ń lọ́ pọ̀.

Nebukadinésárì, ọba Bábílónì, tiẹ̀ lọ́gbọ́n jù nínú wọn. Nínú Dáníẹ́lì orí 2, ó ní kí àwọn amòye kọ́kọ́ rọ́ àlá náà fún òun kí wọ́n tó túmọ̀ ẹ̀, tí wọn ò bá lè ṣe é òun á gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ìkà ni o, àmọ́ ó mọ ohun tó ń ṣe, torí téèyàn bá ti rọ́ àlá tán, ta ni ò ní rí nǹkan sọ sí i? Dáníẹ́lì àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta gbàdúrà, ó wá rọ́ ọ fún ọba: ère tí orí ẹ̀ jẹ́ wúrà, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ jẹ́ irin pọ̀ mọ́ amọ̀. Ó ní ọba gan-an ni orí wúrà, pé apá tó kù lára ère náà jẹ́ àwọn ìjọba tó máa tẹ̀ lé e, àmọ́ kò dárúkọ wọn, àwọn èèyàn sì ń jà lé e lórí dòní, àwọn kan ní Róòmù ló kẹ́yìn, àwọn kan ní Gíríìsì.

Àwọn wòlíì fúnra wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gba tàlá gbọ́. Jeremáyà orí 23 fi àwọn tó ń pariwo "mo lálàá, mo lálàá" ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí ni ìyàngbò ń bá ọkà ṣe. Diutarónómì orí 13 ní bí àmì tí alálàá sọ bá tiẹ̀ ṣẹ, tó bá ti ní kẹ́ ẹ lọ sin òrìṣà míì, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbààwẹ̀ torí oúnjẹ ojú àlá, Aísáyà 29 ní ẹni tébi ń pa lálàá pé òun ń jẹun, ó jí, ikùn ẹ̀ ṣì ṣófo. Kò sọ ìtumọ̀ kankan fún oúnjẹ yẹn.

Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Júù, tó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn ló wá fẹ ọ̀rọ̀ náà. Nínú Támúdì, ìwé ńlá tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jọ sí, ọ̀kan ní kéèyàn retí àlá rere títí dé 22 ọdún, ọ̀dọ̀ Jósẹ́fù ló ti ṣírò ẹ̀: láti 17 dé 30 jẹ́ 13, ọdún ọ̀pọ̀ 7, ọdún ìyàn 2 kí àlá ẹ̀ tó ṣẹ. Ibẹ̀ náà ni ìtàn Bar Hedya wà, atúmọ̀ àlá tó jẹ́ pé ẹni tó bá sanwó ló ń túmọ̀ ire fún. Rábì méjì, Abaye àti Rava, lá àlá kan náà, pé wọ́n ń ka ẹsẹ Bíbélì fún wọn pé wọ́n á pa màlúù wọn níṣojú wọn. Abaye sanwó, Rava ò san. Bar Hedya sọ fún Rava pé òwò ẹ̀ á wó, ìbànújẹ́ ò ní jẹ́ kó lè jẹun. Ó sọ fún Abaye pé òwò ẹ̀ á búrẹ́kẹ́, ayọ̀ ò ní jẹ́ kó lè jẹun. Lọ́jọ́ kan ìwé bọ́ lọ́wọ́ Bar Hedya, Rava he é, ó bá a tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnu ni gbogbo àlá ń tẹ̀ lé, ìyẹn ni pé bí atúmọ̀ bá ṣe túmọ̀ ẹ̀ ló ṣe máa ṣẹ, ló bá figbe ta pé ìkà ni ẹ́, ṣé ọwọ́ ẹ ni gbogbo ẹ̀ wà lo wá fi ìyà tó tó báyìí jẹ mí!