Sísọ́ọ̀sì tí kò mọ̀wé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tẹ̀ ń wò wá. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ la wà yìí, ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ẹ wo ọwọ́ màmá yìí dáadáa. Àǹkárá tí wọ́n gbé wá fún wọn ti ṣí níbi méjì. Wọ́n ti gé ibẹ̀ dànù, òdòdó ni wọ́n ń so mọ́ òdòdó báyìí.

Irú iṣẹ́ yìí ń lọ nínú ara yín. Ẹ jẹ́ ká mú béta-glóbìn, jíìnì (ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé) kan lára èyí tí a fi ń ṣe hemoglóbìn, ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri inú ẹ̀jẹ̀. Nínú núkílíọ́ọ̀sì, yàrá tí jíìnì wà nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ dà á kọ sí RNA, ẹ̀dà tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ A, U, G àti C, àmọ́ ẹ̀dà yẹn ò tíì ṣeé lò. Bí orí rẹ̀ ṣe ń yọ ni wọ́n ti ń dé e ní fìlà, kí ẹ́ńsáìmù, àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ RNA, má baà jẹ ẹ́ láti orí. Wọ́n á gé ìdí rẹ̀, wọ́n á so ìrù mọ́ ọn, lẹ́tà A bíi 200.

Àárín ló dùn jù. Exon mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìyẹn abala tó wúlò, àti intron méjì, abala tí wọ́n máa gé dànù. Títí di 1977, kò sẹ́ni tó rò pé jíìnì máa ń já báyìí, kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Phillip Sharp àti Richard Roberts tó rí i. Ẹ̀bùn Nobel 1993 tiwọn ni.

Báwo ni sísọ́ọ̀sì inú sẹ́ẹ̀lì, ohun tó ń gé intron, ṣe mọ ibi tó máa gé? GU ló sábà ń bẹ̀rẹ̀ intron, AG ló ń parí rẹ̀. Àmì ló ń wò, kò mọ ìtumọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ṣègbéyàwó, ẹ mọ SS. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde, inú exon ló wà: A di U. Kò ba àmì kankan jẹ́, ó sì kọjá wẹ́rẹ́, tòun ti fìlà àti ìrù!

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní erékùṣù Kípírọ́ọ̀sì (Cyprus), àwọn kan wà tí G kan nínú intron àkọ́kọ́ wọn di A. Pàǹtí lásán ni intron, àbí? Ṣùgbọ́n AG tuntun ti yọ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni sísọ́ọ̀sì sábà máa ń gé, lẹ́tà 19 á sì ṣẹ́kù sínú ẹ̀dà. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ka lẹ́tà, 19 ò sì ṣeé pín sí mẹ́ta, ni gbogbo ọ̀rọ̀ bá dàrú. Ọmọ tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ẹ̀jẹ̀ ò ní tó o lára. Talasẹ́míà nìyẹn.

Ẹ wò ó, màmá ti ń tú ojú rírán kan. Wọ́n ní òdòdó ò bára mu. Sẹ́ẹ̀lì kì í tú tiẹ̀ rán o. Ẹ̀dà tó bá bàjẹ́ báyẹn, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́.