Ilé Ló Yà Sójú Omi: Ọ̀rọ̀ Lórí Odò Ògùnpa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ọjà wá tààrà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, n ó sì máa padà sórí rẹ̀ títí ẹ ó fi gbé e délé: ní Ìbàdàn, kì í ṣe omi ló ya ilé, ilé ló yà sójú omi.

Gbogbo wa la mọ Omíyalé, ọjọ́ tí odò Ògùnpa kún bo ilé àti ènìyàn ní Ìbàdàn. Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980. N kò ní máa ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó gbé òkú tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni kí ẹ jẹ́ kí n sọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Nígbà tí omi fà, ó fi ìlà kan sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀ bàbá mi, ní nǹkan bí ìka mẹ́rin lókè ibi tí a ti ń tan iná. Ìlà náà tẹ́ bí ẹni fi rúlà fà á: ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí amọ̀, òkè rẹ̀ ṣì funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi kun ilé yẹn lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìlà yẹn tún yọ nígbà òjò.

Nígbà tí mo di awọnlẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ara mi ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀, ni pé mo wọn ọ̀nà láti ògiri náà dé etí odò. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá péré. Mo bi bàbá mi pé kí ló wà níbẹ̀ kí ẹ tó kọ́lé. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, àti ewé iran, nítorí ilẹ̀ náà kì í gbẹ. Ilẹ̀ tí kì í gbẹ! Odò ti sọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ò gbọ́ ni.

Nítorí náà ni orúkọ yẹn, Omíyalé, ṣe ń dùn mí. Ohun tó bá yà ti fi ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀. Ògùnpa kò fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ rí.

Ẹ wo bí a ṣe dé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí 1829, orí òkè ni wọ́n gbé. Ẹni tó ń retí ogun kì í sùn sí àfonífojì. Láti Òkè Mápó ni wọ́n ti ń wo ìlú. Odò wà nísàlẹ̀ fún omi mímu, fún aṣọ fífọ̀, fún àwọn aláró. Nígbà tí David Hinderer, ajíhìnrere òyìnbó, àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá gbé ní 1853, ẹ̀gbẹ́ odò Kúdẹ̀tì ni wọ́n fi wọ́n sí, nísàlẹ̀ ìlú. Ọmọ Ìbàdàn a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, a sì máa gòkè padà sílé.

Ọkọ̀ ojú irin ló yí i padà. Ó dé ní 1901, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì pàgọ́ sí Gbági, ní ìhà kejì Ògùnpa. Ìlú àtijọ́ wà ní ìlà oòrùn, owó wà ní ìwọ̀ oòrùn, odò wà láàárín. Gbogbo ẹni tó ń rù, tó ń sọ̀, ló ń sọdá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí èrò bá ti ń sọdá ni ọjà ti ń hù. Ọjà dé, gáréèjì dé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fẹ́ ibi tí wọn yóò sùn sí, ilẹ̀ etí odò ló sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. N kò bú wọn. Ẹni tó tà á fún wọn ni mo ń bá wí.

Àwọn kan wà, mo rí méjì nínú wọn níwájú mi níbí, tí wọ́n máa ń sọ lórí rédíò pé pàǹtí ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Ògùnpa kún ní 1960. Ó kún ní 1963. Ó kún ní 1978. Ní 1960, ọ̀rá píọ́wọ́tà mélòó ló wà ní Ìbàdàn? Pàǹtí ń dá kún un, mo gbà. Mo ti dúró sẹ́nu ihò tí omi ń gbà lábẹ́ títì, mo ti rí tìmùtìmù odidi kan tó há síbẹ̀, tí ike, àkísà àti ẹ̀ka igi so mọ́ ọn lára, tí omi ń gba orí títì dípò abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi pàǹtí nìkan bo ọ̀rọ̀ yìí ń gba ìjọba sílẹ̀, ó sì ń gba ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Odò tí kò gùn ju nǹkan bí kìlómítà 13 lọ ń gba omi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 55 kìlómítà níbùú lóòró. Nígbà tí orí ilé jẹ́ koríko tí àgbàlá jẹ́ iyẹ̀pẹ̀, ilẹ̀ máa ń mu nínú òjò kó tó fi ìyókù ránṣẹ́. Lónìí, páànù kò mu omi, títì kò mu, àgbàlá tí a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ kò mu. Ní 26 oṣù Kẹjọ, 2011, òjò tó tó mìlímítà 187 ló rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, tí kò fẹ̀ ju orí tábìlì kékeré lọ, kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 20 tó lé ní mẹ́sàn-án ni ọ̀run dà síbẹ̀. Ẹ wá fi páànù gbogbo Ìbàdàn sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ rántí afárá Apẹ̀tẹ̀ tó bá omi lọ lọ́jọ́ náà. Odò Ọnà nìyẹn, kì í ṣe Ògùnpa, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni a hù sí àwọn méjèèjì.

Wọ́n ti ń na ìwé sí mi pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù, n ó yára.

Lórí àtúnṣe: lẹ́yìn 1980, ìdáhùn wa ni kọnkéré. Wọ́n gbẹ́ odò, wọ́n fi kọnkéré kan án lápá ọ̀tún àti òsì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ náà fi dúró kí wọ́n tó padà sí i. N kò ní kò wúlò. Àmọ́ kọnkéré ń mú omi sáré ni, kì í fún un níbùsùn. Lẹ́yìn 2011, Bánkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2014 fún ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn. Ohun tí mo fẹ́ ká fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ni bèbè: ilẹ̀ koríko lápá méjèèjì, tí ọmọdé lè gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò lè gbà lásìkò òjò. Ẹ wo adágún tó wà nínú Ọgbà Àgodi, Ògùnpa náà ni. Wọ́n tún ọgbà yẹn ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Ọgbà ṣeé tún ṣe. Ẹni tó bá omi lọ kò ṣeé tún ṣe.

Ibí ni mo rò pé n ó dúró sí lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbọ̀ngàn. Ìyá kan dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó fi gèlè rẹ̀ di ìbàdí. Ó ní, “Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí a fi bèbè sílẹ̀ fún odò, bàbá wa wà nínú ilé yẹn. Inú ilé la sin ín sí, àti bàbá tirẹ̀. Ṣé ẹ ó jẹ́ kí katapílà gun orí wọn ni?”

Gbogbo gbọ̀ngàn pa kẹ́kẹ́. Èmi náà dákẹ́. Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní èyí rí, owó gbà-má-bínú ni wọ́n máa ń bi mí. Mo ní, “Ìyá, yàrá wo ni wọ́n wà?” Ó ní pálọ̀ iwájú, níbi tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wá wò ó.

Mo lọ ní Sátidé. Sàréè méjèèjì wà nínú pálọ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì pupa kùn wọ́n, ẹní wà lórí ọ̀kan. Mo wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ dé odò: ìṣísẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo wọn ọ̀nà láti ògiri tó kẹ́yìn pátápátá: mẹ́sàn-án. Bàbá tó kọ́ ilé náà ti fi bèbè sílẹ̀ fún Ògùnpa láìjẹ́ pé ìjọba kankan pa á láṣẹ. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló ń fi yàrá kún yàrá sẹ́yìn. Mo sọ fún ìyá náà pé tó bá jẹ́ èmi ni n ó fa ìlà, ara sàréè ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan ilé iwájú yẹn.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wo yàrá mẹ́rin tó wà láàárín bàbá rẹ̀ àti odò. Ayálégbé kan ń sá aṣọ níwájú èyí tó sún mọ́ omi jù. Ìyá náà pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Èyí tó kẹ́yìn yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ.”