Kí Ló Dé Tí Ọwọ́ Ìyá Fi Kán?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, lọ́jọ́ tí ọjà kún. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan tó ń ta àdìrẹ, ẹni ọdún 67, ń jáde nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, ni ẹsẹ̀ wọn bá yọ̀ lórí omi. Wọn ò já láti òkè, ọ̀kadà ò gbá wọn. Orí ìdúró ni wọ́n ti ṣubú, wọ́n fọwọ́ tilẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì kán.

Àwọn kan á ní ọmọ aráyé ló wà nídìí ẹ̀. Àwọn mìíràn á ní àgbà ló dé. Àwọn ọmọ á gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, ọwọ́ á jinná, ìyá á padà sọ́jà. Ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé: ṣé irú ìṣubú báyẹn tó kán eegun tó le?

Kò tó o. Eegun yẹn ti ń ṣófo díẹ̀díẹ̀ láti inú. Osteoporosis ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹ rántí òpó tí ikán ti jẹ inú ẹ̀: ó dúró gbọn-in lójú, àfìgbà tẹ́ ẹ bá fara tì í. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá dúró, họ́mọ́ọ̀nù tó ń dáàbò bo eegun á dín kù, jíjẹ náà á sì yára sí i.

Kì í dunni. Ibẹ̀ la ti ń ṣì í mú. Orúnkún tó ń ro yín bẹ́ ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn Olúmọ, ó lè jẹ́ arọmọléegun, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Eléyìí kì í sọ̀rọ̀ títí eegun á fi kán. Àmọ́ bí bùbù tí kì í kan ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá wá ń gbálẹ̀, ẹ fura: eegun ẹ̀yìn lè ti rún mọ́ra láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí gíga yín bá ti fi sẹ̀ǹtímítà 4 dín sí ti ìgbà ọ̀dọ́, ẹ sọ fún dókítà.

Ta ló tún yẹ kó fura? Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró kó tó pé ọdún 45. Ẹni tí ìbàdí òbí rẹ̀ kán rí. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ẹni tó ń fa sìgá, ẹni tó ń mutí lámujù. Ọkùnrin náà ò yọ sílẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní prednisolone àti dexamethasone. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, iṣẹ́ wà tó ń ṣe, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Àmọ́ àwọn tó ń rà á ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sanra, tí wọ́n ń gbé e mì fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, eegun ló ń san gbèsè ẹ̀.

Àyẹ̀wò tó ń fi osteoporosis hàn, DXA lorúkọ ẹ̀. Ẹ ó kàn dùbúlẹ̀ ni, kò sí abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á sì wọn eegun ìbàdí àti ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Nọ́ńbà kan ló máa jáde, tí wọ́n fi eegun yín wé ti ọ̀dọ́ tára rẹ̀ le. Láti máínọ́ọ̀sì 1 lọ sókè, ó dáa. Bó bá ti di máínọ́ọ̀sì 2.5 tàbí tó lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, osteoporosis ni. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń ki gìgísẹ̀ bọ̀ kò lè ṣe ìdájọ́ yìí. X-ray lásán kì í tètè rí i, kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ sì lè pé pérépéré nígbà tí eegun ti ṣófo.

Ní Amẹ́ríkà, gbogbo obìnrin tó bá ti pé ọdún 65 ni ìlànà wọn ní kó ṣe àyẹ̀wò DXA, kódà bí nǹkan kan ò bá ṣe é. Bí ìbàdí tàbí eegun ẹ̀yìn bá kán nítorí ìṣubú kékeré, dókítà lè dá osteoporosis mọ̀ láìdúró de nọ́ńbà kankan.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ yìí. Ẹ béèrè níbi tẹ́ ẹ ti ń gba ìtọ́jú, ìbáà jẹ́ FMC Ìdí-Àbà tàbí ibòmíràn, kí wọ́n júwe ibi tó wà fún yín. Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání, títí kan èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá láìkọ orúkọ sí i.