Kíláàsì wo lọmọ yín wà?

Àsàlámù àléékúmù o, ẹ̀yin ará mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa Mùhámádù, ẹ kú Jímọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí látọjọ́ Àtàláátà, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́.

Ọ́fíìsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń to rìsọ́ọ̀tì sórí tábìlì tá a bá ti fẹ́ gba họ́lídè gígùn. Bàbá kan wọlé, kò pa mọ́tò ẹ̀ níta, ó ní kí n fún òun ní rìsọ́ọ̀tì ọmọ òun. Mo ní kíláàsì wo ni sà? Ó dákẹ́. Ó wojú mi, ó wo fóònù ẹ̀, ó ní "ó yẹ kó ti wà ní pírámárì tírì báyìí." Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó má jáde lẹ́nu ẹ̀, ó ní "Fáífù ni mo wà, Dádì."

Ọdún méjì gbáko! Ọmọ tí wọ́n jọ ń sùn nínú ilé kan náà o. Fìlà ìrun sì wà lórí bàbá yìí, àmì ìforíkanlẹ̀ ń bẹ níwájú orí ẹ̀, ìyẹn ló tún wá dùn mí jù.

Ẹ gbọ́ ìtàn Abú Ùmáírì, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bùhárì àti ti Múslímù. Ánásì ọmọ Málíkì ló sọ ọ́, àbúrò ẹ̀ lọmọ yìí, Úmù Súláímù ló bí àwọn méjèèjì. Ọmọ kékeré tó já lẹ́nu ọmú ni, ó ní ẹyẹ kan tó máa ń bá ṣeré. Ànábì wa a máa yà sílé wọn, bí ìrun bá ká a mọ́bẹ̀ wọ́n á gbá ẹní tó jókòó lé, wọ́n á wọ́n omi sí i, á bọ́ síwájú, wọ́n á tò sẹ́yìn ẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó bá ọmọ yìí tó fajú ro, ó ní kí ló ṣe é? Wọ́n ní ẹyẹ ẹ̀ ló kú. Ó wá sọ fún un pé "Yá Abá Ùmáírì, má fahala nnugháírì?" Bàbá Ùmáírì, ẹyẹ kékeré yẹn ńkọ́, kí ló ṣe é? Ẹ pè é jáde lẹ́nu yín, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún bí orin ọmọdé. Ọmọ tí kò tíì bímọ, ó ń pè é ní Bàbá! Ẹni tí ogun, ẹjọ́ àti ẹrù gbogbo ìjọ wà lọ́rùn ẹ̀, tí Jíbúrílù ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá, ó ráyè bèrè ẹyẹ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Àwa ńkọ́? A mọ iye tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, dá fún aṣọ ọdún Ojúde Ọba, a mọ ọjọ́ tí tẹ́lọ̀ máa gbé e dé. (Àwọn Mùsùlùmí tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ṣe ni wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, pé ó jẹ́ káwọn ráyè sin Ọlọ́hun.) Rìsọ́ọ̀tì ọmọ la wá ń ká sápò láìwò.

Họ́lídè ti dé báyìí, ó di Sẹ̀tẹ́ńbà. Ẹ ó gbé omi inú ọ̀rá lé ọmọ lórí kó máa sáré tẹ̀lé mọ́tò lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní. Ẹ ó kó ọmọbìnrin ránṣẹ́ sílé ẹ̀gbọ́n l'Ékòó, ẹ ò ní bèrè pé ta ló tún ń gbé ilé yẹn, yàrá wo ló máa sùn. Tó bá wá dé tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ ó ní ó ti gbọ́n. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí tíṣà bá kàn nawọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun o! Ànábì ní olùṣọ́ ni gbogbo yín, wọ́n á sì bi kálukú léèrè ohun tó ń ṣọ́. Ọlọ́hun ní ká gba ara wa àti ará ilé wa lọ́wọ́ iná tó jẹ́ pé ènìyàn àti òkúta ni igi ìdáná ẹ̀. Tí wọ́n bá bi yín lọ́jọ́ náà, ṣé "ó yẹ kó ti wà ní pírámárì tírì" lẹ máa sọ? Ọjọ́ tí bàbá á máa sá fún ọmọ ẹ̀, ta ló máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó máa bá yín dáhùn?

Mo mọ̀ pé ìlú le, èmi náà ń ṣọmọ. Ọmọ lè bá ìyá ẹ̀ lọ Òkè-Ajé, kó jókòó tì í, kó máa bá a ka owó. Ilé kéwú wà, ẹ mú wọn lọ fúnra yín, kẹ́ ẹ mọ orúkọ áfáà. Tẹ́ ẹ bá kírun Ìṣái tán lálẹ́ òní, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ bi í pé ta lọ̀rẹ́ ẹ, ta ló ń dẹ́rù bà ẹ́, súrà wo lo há. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹyẹ.

Kí Ọlọ́hun forí jì wá, kó ṣọ́ àwọn ọmọ wa níbi tí ojú wa ò tó.

Ike omi ọmọ yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi, ó gbàgbé ẹ̀ níbi tí bàbá ẹ̀ ti ń fà á lọ́wọ́ jáde. Kò tíì sẹ́ni tó wá bèrè ẹ̀.